Sìgá Ńlá Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Iṣẹ́ Baba Onímú ni kó máa mu sìgá. Bí a bá sọ ọ́ báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn, ṣé èèyàn lè máa gba owó oṣù nítorí pé ó ń fa èéfín? Ṣùgbọ́n kì í ṣe sìgá oníbébà funfun tí wọ́n ń tà ní páálí ogún-ogún ni mò ń wí. Sìgá ewé ni, èyí tí wọ́n fi odidi ewé tábà ká láti inú dé òde, tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn nìkan ló ṣe é. Ogójì akásìgá ló wà ní ilé iṣẹ́ náà, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tábìlì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára èyí tí tábìlì bíi márùn-ún ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n á tò ó sórí àwo onígi, wọ́n á gbé e lọ bá Baba Onímú nínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga kan, ìgò omi, ife tíì tí kò ní ṣúgà, àti àwo eérú tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń tọ́ wọn wò, tó ń fún wọn ní máàkì.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ṣe é. Kì í jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀, kì í fi lọ́fínńdà sára, bí ọ̀fìnkìn bá sì mú un, ńṣe ló máa ń sọ fún ọ̀gá pé òun ò níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Imú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní bí o bá gbé ewé kan sún mọ́ ọn, á sọ fún ọ bóyá òjò pọ̀ lọ́dún tí wọ́n gbìn ín. Èmi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà kò fìgbà kan sọ pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó bá sìgá mẹ́fà lórí àwo dípò márùn-ún. Ẹ̀kẹfà jẹ́ Òpó. Òpó ni wọ́n ń pe irú èyí tó tóbi jù níbẹ̀: ínṣì méje ní gígùn, ó sì sanra ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Gbogbo sìgá tó bá wá sórí àwo ló máa ń ní òrùka bébà tínńrín tí wọ́n kọ nọ́ńbà tábìlì sí. Èyí kò ní òrùka kankan.

Ẹni tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ì bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Baba Onímú gbé e síwájú fèrèsé, ó wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí awọ bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pólíìṣì nù, kò sí ibi tó ṣì, kò sí ibi tí iṣan ewé ti yọ sókè. Ó rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ẹsẹ̀ dé orí, ó gbé e sétí bóyá á ró wàràwàrà bí ewé tó ti gbẹ jù. Kò ró. Ó gbé e símú: koríko gbígbẹ, kofí, àti nǹkan kan tó jọ inú àpótí aṣọ tí wọn ò ṣí tipẹ́.

“Ìwọ ta ni?” ló bi sìgá náà.

Ó fi abẹ ré fìlà orí rẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan láìtíì tanná sí i, atẹ́gùn gbà á kọjá wẹ́rẹ́. Ó wá ṣá ìṣáná gígùn kan. Kò jẹ́ kí iná náà kan ewé gan-an, ooru rẹ̀ ló fi ń yán an, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi pọ́n yí po. Ó fà á. Ata ló kọ́kọ́ ta á nímú, lẹ́yìn náà ata lọ, adùn wá, adùn tí kì í ṣe ti ṣúgà, bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ ẹ̀yìn búrẹ́dì tó jóná díẹ̀.

Kì í mu sìgá tán tó bá ń tọ́ ọ wò. Ìdajì máa ń tó o. Ṣùgbọ́n ó mu èyí kọjá ìdajì láìmọ̀. Eérú rẹ̀ funfun, ó nà tàrà, kò tètè já. Àwọn márùn-ún yòókù wà lórí àwo, kò tíì fọwọ́ kan wọn. Ìgbà tó wọ ìdá kẹta tó gbẹ̀yìn ló tó rí àbùkù: fífà rẹ̀ ṣàdédé fún, iná yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìkorò gun ahọ́n rẹ̀. Ó dúró, kò fà á fún ìṣẹ́jú kan, ó wá tún bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sípò padà.

Ìgbà yẹn ni alábòójútó wọlé. Ọ̀gá Rúlà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí kò síbi tó ń lọ tí kò ní mú rúlà lọ́wọ́.

“Baba, ó ti lé ní wákàtí kan ààbọ̀ tí ẹ ti wà lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Ṣé kò sí o?”

“Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà yẹn ba eérú mi jẹ́.”

Ọ̀gá Rúlà tẹ ìka ẹsẹ̀ wọlé bí olè. Ó gbé rúlà ti ẹ̀gbẹ́ eérú náà. “Ínṣì méjì ó lé díẹ̀,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Ta ló ká a?”

“Ohun tí èmi náà ń wá nìyẹn. Kò ní nọ́ńbà.”

“Kò ní nọ́ńbà kẹ̀? Òfin sọ pé ká da irú ẹ̀ nù.”

“Ó ti di èéfín, ọ̀gá. Tí ẹ bá lè bá mi kó o jọ, ẹ dà á nù.”

Ọ̀gá Rúlà rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Baba Onímú wá ẹni náà rí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí ẹni tó bá lè ká Òpó báyìí tó ń fi nọ́ńbà pamọ́, ó ní ohun tó ń fi pamọ́ pẹ̀lú.

Nígbà tó lọ, Baba Onímú mú fọ́ọ̀mù. Ìrísí, fífà, jíjó, adùn: ó kọ máàkì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ àbùkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ro máàkì pọ̀, ó jẹ́ mọ́kànlélàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún un rò. Ó tó ọdún mẹ́ta tí kò ti fún ẹnikẹ́ni ju méjìdínláàádọ́rùn-ún lọ. Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù ní àyè tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí nípa akásìgá, kí àwọn tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ lè rí i lò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ọ̀dọ́ ni ẹni tó ká èyí, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ le. Kò ní sùúrù tó: nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó kánjú.” Ó fọwọ́ sí i, ó ká a, ó fi sápò.

Kùkùté sìgá náà ṣì wà nínú àwo eérú. Nígbà tó tutù, ó fi èékánná tú u. Ewé tó bò ó lóde ṣí díẹ̀díẹ̀, ó sì rí ohun tó mú un dìde lórí àga. Ewé náà yí sí ọ̀nà òdì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iṣan gbọọrọ kan ló la ewé tábà láàárín. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ewé á di méjì, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ní ilé iṣẹ́ yìí, apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń wọ Òpó láṣọ, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn fi ń ká a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Apá òsì, àwọn tó ń ṣe sìgá kéékèèké ní ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún. Apá òsì ló wà lára sìgá yìí. Ọlọ́wọ́ òsì ló ká a. Baba Onímú sì mọ ogójì èèyàn yẹn bó ṣe mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Kò sí ọlọ́wọ́ òsì kankan láàárín wọn.

Àbí ó wà?

Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi ọ̀sán, ó yọ kọ́ọ̀kì ìgò omi rẹ̀, ó wọ gbọ̀ngàn àwọn akásìgá. Gbọ̀ngàn náà gùn, tábìlì wà ní ìlà mẹ́rin, pákó kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò ní èèkù, àti ike kékeré tí gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ń na ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń fọwọ́ ra ọrùn.

“Ẹ kú ìsinmi o! Tábìlì kìíní, gbà!” Ó ju kọ́ọ̀kì. Obìnrin náà fi ọwọ́ ọ̀tún hán an.

“Baba, kí ló dé? Ṣé ọmọdé tún fẹ́ máa ṣe yín ni?”

“Ẹ jù ú padà. Tábìlì kejì, gbà!”

Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi gba eré náà. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ka nọ́ńbà tábìlì fún un, ẹni tí kọ́ọ̀kì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á hó lé e lórí. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá àgbà kan tó jókòó ní tábìlì kẹsàn-án bi í pé kí ló ń wá gan-an.

“Ẹnì kan ló ká Òpó kan tó dùn dé ibi tí mo gbàgbé iṣẹ́.”

“Hùn. Láti ìgbà tí Ọwọ́ Òwú ti kúrò níbí, ta ló tún ń ká irú ìyẹn?”

Ìyàwó Baba Onímú ni Ọwọ́ Òwú. Tábìlì kẹẹ̀ẹ́dógún ló jókòó sí fún ọdún méjìlélógún, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ẹní ń ká òwú ló ṣe máa ń ká ewé. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó dìde láti orí ibùsùn láàárọ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò lè di nǹkan mú dáadáa títí di òní. Ilé ló wà láti ìgbà náà. Baba Onímú gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà yìí, ó mí kanlẹ̀, ó sì ju kọ́ọ̀kì sí ẹni tó kàn.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló wà ní tábìlì kẹtàdínlógún. Ìyẹn fi ọwọ́ méjèèjì gbá kọ́ọ̀kì mọ́ àyà, ó sì bojú wo ilẹ̀.

Baba Onímú súnmọ́ ọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti bi í: “Ta ló gbé àwo wá fún mi láàárọ̀ yìí?”

“Èmi ni, Bọ̀dá.”

“Mélòó lo gbé wá?”

Ìyẹn fa ike gọ́ọ̀mù mọ́ra. Ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ohun tí kò nílò gọ́ọ̀mù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ṣé ẹ ti kọ máàkì yín?”

“Mo ti kọ ọ́.”

“Ẹ ti fọwọ́ sí i? Ẹ ò lè yí i padà mọ́?”

“Ìgbà wo ni mo ti ń yí máàkì padà?”

“Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, ẹ yà sílé mi. Mi ò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn.”

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé ibẹ̀, òpópónà méjì péré ló wà láàárín ilé àbúrò ìyàwó àti ilé tirẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ọmọ obìnrin kan ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ níkọ̀kọ̀, bóyá àlejò láti ilé iṣẹ́ míì. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó sídìí fèrèsé, pákó wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tẹ etí ewé kan mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì sì ń yí sìgá lọ lórí pákó náà, ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ. Nǹkan bí ogún sìgá ló wà nílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, òmíràn wọ́, òmíràn sanra nídìí bí ìkòkò.

“Ẹ káàbọ̀,” ó ní, kò gbójú sókè. “Ẹ jókòó. Ẹ má sọ nǹkan kan kí n tó ká èyí tán.”

Ó jókòó. Ó wò ó. Gbogbo ìgbà tí òun rò pé ó wà nílé, tó ń sinmi, tó ń wo òde lójú fèrèsé, ibí ló wà. Imú tó mọ ọdún tí òjò pọ̀, ó ti ń bá obìnrin yìí sùn ní ibùsùn kan náà, kò gbóòórùn nǹkan kan, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń rùn tábà jù.

Ìyàwó rẹ̀ fi fìlà sí sìgá náà lórí, ó gbé e sílẹ̀. “Oṣù mẹ́rìnlá,” ó ní. “Ìdì ewé tí ilé iṣẹ́ ń fún àbúrò mi lóṣooṣù ni mò ń lò. Apá òsì ló ń bá mi mú, kò sẹ́ni tó ń du ìyẹn.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ fún yín kí ẹ wá ṣe kí ni? Ẹ̀yin tí mo sun búrẹ́dì yẹn dúdú fún lọ́jọ́sí, tẹ́ ẹ ní ó dùn? Ẹ̀yin tí mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n yín, tí kò sẹ́ni tó lè kà á, tẹ́ ẹ ní ìkọ̀wé mi ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Láti ọdún mẹ́ta, gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló dára lójú yín. Mi ò mọ èyí tó dára nínú wọn mọ́.”

Baba Onímú mú sìgá wíwọ́ kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí mo fọkàn tán nínú ọ̀ràn sìgá,” obìnrin náà ní. “Ọkọ mi sì ni. Kí ni kí n ṣe? Mo ní kí wọ́n gbé e fún yín láìní nọ́ńbà. Fọ́ọ̀mù yẹn dà?”

Ọwọ́ ọkùnrin náà lọ sápò, ó sì dúró níbẹ̀. Ó rántí ohun tó kọ sísàlẹ̀.

“Ẹ mú un wá.”

Ó mú un fún un. Ìyàwó rẹ̀ kò wo máàkì rárá. Ibi àbùkù ló kọ́kọ́ kà. “Ó fún ní ìdá kẹta,” ó kà á síta. “Iná yà.” Ó fi ìka kan pákó. “Mo mọ̀. Ewé inú kan ló ṣẹ́ po níbẹ̀, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi, mo ní ó ti tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Ó wá bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ dúró sójú kan.

“Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.”

“Jọ̀ọ́, má…”

“Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ le!” Ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ jáde, ó rín in títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tí kò lágbára yẹn sókè, ó ń mì ín níwájú ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ẹ̀rín náà kúrò. “Kò ní sùúrù? Èmi? Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń ká ohun tí mò ń jù nù, ẹ ní mi ò ní sùúrù?”

“O kánjú níparí,” ọkọ rẹ̀ ní. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. “Ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán.”

Obìnrin náà wò ó títí. Inú bí i, ó hàn lójú rẹ̀, àmọ́ nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tí Baba Onímú kò rí lójú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ká fọ́ọ̀mù náà, ó fi sábẹ́ pákó. “Ó dáa,” ó ní. “Ẹ fi ibi tó ti fún hàn mí lára èyí.”

Wọ́n tan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ewé rẹ̀ ṣì rin díẹ̀, kò tíì yẹ ní mímu, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n jọ ń gbà á mu lọ́wọ́ ara wọn, ọkùnrin á ní “ibí yìí,” obìnrin á ní “rárá, ó kù,” wọ́n sì ń jiyàn títí àbúrò fi dé láti ibi iṣẹ́, tó ṣí gbogbo fèrèsé, tó ní ṣé wọ́n fẹ́ sun ilé òun ni.

Lọ́jọ́ kejì, Baba Onímú sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá Rúlà. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó ní òun kò lè gba máàkì tí ọkọ fún ìyàwó rẹ̀, kódà kí ọkọ náà má mọ̀. Ó tọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kejì kí wọ́n yá wọn ní ẹni tó ń tọ́ sìgá wò níbẹ̀, obìnrin kan tó gbẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ Òwú wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó, ó ká Òpó mẹ́rin lójú gbogbo wọn. Wọ́n gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí igi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó tọ́ wọn wò. Méjì yege, ọ̀kan kò dára, kò burú, ọ̀kan kò gba èéfín kọjá rárá. Èyí tó dára jù gba mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

“Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin?” Baba Onímú bínú. Ó fẹ́ lọ bá obìnrin ẹ̀ka kejì yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní kó jókòó, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin yẹn ti tó òun, ó sì ti ṣe díẹ̀ tí òun ti gba nǹkan tí òun mọ iye rẹ̀.

Wọ́n gbà á padà fún àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti máa fi apá òsì ewé ká Òpó. Ọ̀gá Rúlà fúnra rẹ̀ ló wọn tábìlì rẹ̀, tó ní kí wọ́n yí i kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti ìhà ọ̀tún wá. Àwọn akásìgá ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ kùn pé wọ́n ń gba ewé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí méjì nínú wọn gòkè wá wò ó, tí wọ́n ní kó kọ́ àwọn.

Ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ fẹ́ bá a gbé báàgì. Ó ní rárá. Ó gbé e kọ́ èjìká òsì, ó jáde sí òpópónà, ó ń yára rìn, láìwo ẹ̀yìn. Nígbà tí Baba Onímú fi máa dé ẹnu géètì, ó ti wọlé.